Ọṣẹ Inú Póò

Láràárọ̀, nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí n tó da ìtọ̀ ìyá ọkọ mi nù, wọ́n á nàka sí ìfófòó inú póò náà: “Ìyàwó, o ò ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa.”

Inú á bí mi. Mo wá ń fi omi lásán fọ̀ ọ́, síbẹ̀ ìtọ̀ náà ń hó. Nígbà tá a gbé ìtọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà ní purotéènì, èròjà ara kan tó ń jò látinú kíndìnrín wọn, ló ń mú un hó. Ó ti pẹ́ jù. A sin wọ́n.

Láàárọ̀ òní, ìtọ̀ tèmi náà hó, kò sì rọlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: “Ìyàwó, ọṣẹ!”

A kì í dá òkú lóhùn, ṣùgbọ́n mo dáhùn: “Màmá, kì í ṣe ọṣẹ.”