Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ Yẹ́misí

Ọdún tí ọwọ́ Lucy Ọláníyan kán, kì í ṣe orí àjà ló ti já bọ́, kì í sì í ṣe kòtò ló jìn sí. Ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ni. Ó jáde láti bá ayálégbé kan wí tó da omi ọṣẹ sílẹ̀. Kò tíì bá a wí dé ìdajì tí omi ọṣẹ fi dá a lóhùn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara rẹ̀ lé ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì dún bí igi ìṣáná.

Mọ́mì Festus ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọlọ́run ti fún òun àti Julius ọkọ rẹ̀ ní ilé, wọ́n sì ní ayálégbé. Ọlá náà mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n Mọ́mì Festus a máa bù ú fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Festus, àkọ́bí rẹ̀, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ dá ọ lóhùn.

Dókítà tó fi pí-ó-pí di ọwọ́ náà ṣàlàyé fún un pé egungun obìnrin tó bá ti kúrò ní ọmọ bíbí a máa fúyẹ́, pé kí ó wá kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le jẹ. "Tí ẹ bá tún ṣubú, Mọ́mì, ó lè jẹ́ ti ìbàdí o."

Ọ̀rọ̀ ìbàdí kọ́ ló wà lọ́kàn Mọ́mì Festus. Yẹ́misí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ Nùrẹ́nì ní Ìpájà, ti lóyún, oyún àkọ́kọ́. Ìyá ìyàwó ló máa ń wá wẹ ọmọ tuntun: yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, yóò nà án lápá, yóò nà án lẹ́sẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò sì hán an, kí àyà má baà máa já a tó bá dàgbà. Ta ló ń fi ọwọ́ kíkán ju ọmọ? Bí òun kò bá sì lè ṣe é, ìyá Nùrẹ́nì ni yóò ṣe é, Ìdíátù tó ń ta sàwá àti yòyò gbígbẹ ní Ṣáṣá, tí òórùn ẹja kò fi ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kí ọwọ́ ẹlẹ́ja kan ọmọ-ọmọ òun ṣáájú ọwọ́ òun? Ó ní ó sàn kí òun yá egungun ẹlòmíràn lò.

Festus fi oògùn kálísíọ̀mù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ìgò ńlá kan, tí hóró inú rẹ̀ tóbi bí bọ́tìnnì kóòtù. Mọ́mì Festus gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n, kí ojú àlejò má baà wá a tì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Nùrẹ́nì fi apẹ̀rẹ̀ ẹja ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ẹ má jẹ́ kó wọ kíṣìnnì mi," ni Mọ́mì Festus wí. "Èmi, lánlédì, kí ayálégbé máa gbọ́ bí mo ṣe ń fọ́ egungun yòyò lẹ́nu?"

"Gbé e fún èmi, jàre," ni Julius wí. "Eyín tèmi ò mọ̀ pé mo kọ́lé."

Kò gbé e fún un. Àwọn ayálégbé ló pín ẹja náà, Julius sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tó ń wá lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń se ọbẹ̀.

Ní ti oògùn, Mọ́mì Festus ń mu ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, nítorí oyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi le bí ẹni gbé òkúta mì. Á wọ ilé ìyàgbẹ́ tòun ti ìrètí, á jáde tòun ti ìrònú. Nínú ìjọ, bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́ fún àdúrà, inú rẹ̀ nìkan ni í máa sọ̀rọ̀.

"Dádì, inú mi wú," ló wí fún Julius.

"Oògùn yẹn ńkọ́?"

"Oògùn Lọ́ńdọ̀nù? Ẹja yẹn ni."

"Ẹja tí o ò fẹnu kàn?"

"Ó wọ ilé mi. Àbí ó dìgbà tó bá wọ ẹnu kó tó ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin ṣá, ẹ ò mọ ogun ẹ̀mí."

"Àwọn tó jẹ ẹ́ ńkọ́? Ọmọ wọn ló ń gbá bọ́ọ̀lù níta yẹn."

"Wọn ò sí nínú ìjà náà."

Wọ́n pe Arákùnrin Simeon tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wọn. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn náà, ikùn sì kùn.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀," ni Arákùnrin Simeon wí. "Ó ń bẹ̀bẹ̀ àtijáde."

Ó pàṣẹ ààwẹ̀ gbígbẹ, láìsí oúnjẹ, láìsí omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kẹ́gàn ààwẹ̀; Olúwa wa fúnra rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kà pé Ó ń gbé hóró kálísíọ̀mù mì ní gbígbẹ láàárín ààwẹ̀. Mọ́mì Festus ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ó ń fi ipá gbé e mì.

Kí ààwẹ̀ tó parí, Yẹ́misí gbé oyún rẹ̀ wá láti Ìpájà, ó sì wọ́ ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ fi rọ́bà fa omi ọṣẹ sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ àtijáde jáde, kò sì ní ìwo.

"Kálísíọ̀mù ni, Mọ́mì," ni dókítà wí. "Ẹ mu ún jù, ẹ ò jẹun sí i, ẹ ò mu omi. Pẹ̀lú inú yín yìí, ẹ fi hóró náà sílẹ̀, inú oúnjẹ ni kí ẹ ti máa jẹ kálísíọ̀mù. Ṣé ẹ ń jẹ ẹja?"

"Ẹja tó lórúkọ ni mò ń jẹ."

"Èyí tí kò lórúkọ ni mò ń wí. Kékeré tí a ń jẹ tegungun-tegungun: sàwá, yòyò. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ jẹ wàrà àwọn Fúlàní. Ẹ mu mílíìkì tí inú yín bá gbà á. Díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́."

"Ọwọ́ mi á wá le tó láti ju ọmọ?"

"Egungun kì í kún padà bí garawa, Mọ́mì. Èyí tó kù la fẹ́ tọ́jú."

Yẹ́misí tó jókòó síbẹ̀ wo òkè àjà, kò rẹ́rìn-ín. Ilé ni ó ti lọ rín in, níwájú ọkọ rẹ̀.

Mọ́mì Festus fi gèlè bo ojú, ó lọ sí Ṣáṣá, ó sì yí gba ẹ̀yìn kí ó má baà kọjá níwájú àna rẹ̀. Ibi tó ti ń ná ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ohùn.

"Ìyá Yẹ́misí, ẹ̀yin mà nìyẹn. Ẹ kọjá mi lọ."

"Ẹ kúùṣẹ́ o. Ajá ni mò ń wá ẹja fún."

"Ẹ ò kúkú lájá."

"A fẹ́ rà á."

Ìyá Nùrẹ́nì kò jiyàn. Ó wọn sàwá, ó wọn yòyò, ó fún un mọ́ inú ọ̀rá títí ọ̀rá fi fẹ́ ya, kò sì gba kọ́bọ̀. "Ẹ bá mi kí ajá náà. Ẹ ní kó máa fọ́ egungun rẹ̀ kúnná, kó má há a lọ́fun."

Mọ́mì Festus jẹ ẹ́. Ó ti fèrèsé pa kó tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́, títí oyún fi pé. Inú rẹ̀ rọ̀, ilé ìyàgbẹ́ padà di ibi tí a kì í pẹ́ sí. Ọwọ́ náà lè fún aṣọ, ó lè ro ẹ̀bà. Bóyá ó lè ju ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Yẹ́misí bí ọkùnrin. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn, Mọ́mì Festus jókòó lórí àpótí, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó sì wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ wúrà. Ó fọ orí, ó fọ abẹ́ apá, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀. Ìyá Nùrẹ́nì di aṣọ ìnura mú. Ó ku jíjù.

Mọ́mì Festus gbé ọmọ sókè. Ọmọ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ tó kán rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é láti inú. Ó wo ọmọ. Ó wo sìmẹ́ńtì ilẹ̀. Ó wo àna rẹ̀.

"Ẹ gbà á," ló wí. "Ẹ rọra o."

Ìyá Nùrẹ́nì gba ọmọ. "Bísímílláì," ló wí, ó jù ú, ó hán an, ó tún jù ú. Mọ́mì Festus na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń lọ sókè, kò gbé wọn kúrò títí wọ́n fi fi aṣọ wé e.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wá kí wọn, wọ́n bi í ta ló wẹ ọmọ. Ó ní òun ni. Wọ́n ní ta ló jù ú.

"Jíjù ò sí lára ìwẹ̀," ni Mọ́mì Festus wí.