Eégún inú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rí i

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń wo eré iwin kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sán òní ló parí. Bí eégún ṣe yọ láti inú igbó báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, wọ́n yí ojú tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Irú eégún yìí, obìnrin ò gbọdọ̀ rí i."

"Bàbá, fíìmù mà ni. Òṣèré ló gbé e."

"Ní Kàbà níbí? Jókòó."

Mo jókòó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mò ń gbọ́ igbe lásán. Àwọn wò ó tán. Wọ́n wá bi mí pé:

"Ìwọ lo ti ń wò ó látọjọ́ yìí. Ọmọbìnrin tí eégún gbé lọ yẹn, kí ló ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀yin obìnrin Kàbà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa dá wọn lóhùn?