Ẹni Tó Pariwo Jù Ni Wàsílátù Ń Dá Lóhùn

Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi tọ́ Wàsílátù dàgbà. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ ní Shasha, kì í fẹ́ pe ọmọ kí ọmọ náà máà tíì dé iwájú òun kó tó pa ẹnu dé. Bí Wàsílátù bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á sáré. Ó lọ sílé ọkọ, ó bí Mardiyah, ó wá di mánéjà ilé gáàsì kékeré kan létí títì tó ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù, síbẹ̀ eré yẹn kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Oníbàárà tó bá gbá tábìlì ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹni tó dúró jẹ́jẹ́ á sì máa dúró lọ. Bí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá, bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù láti Ìkòròdú pé kó ya fọ́tò iwájú ṣọ́ọ̀bù, á fi ẹni tó ń wọn gáàsì fún sílẹ̀, á lọ yà á. Kó tó ya fọ́tò tán, ẹlòmíràn á ti máa ké pè é. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ara á máa ro ó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀ á ṣì wà níbi tó fi í sí.

Rọ́bà gáàsì wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà yìí ló ń gbé gáàsì láti tánkì ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wá sídìí òṣùwọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Dáramọ́lá, ará Èkìtì tó máa ń rọ gáàsì sínú sìlíńdà, ló fi hàn án lọ́jọ́ kan.

"Mánéjà, ẹ wo ibi tó ti tẹ̀ yìí. Ó ti ń sán."

Wàsílátù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó ní òun á pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan ti ń pariwo nídìí òṣùwọ̀n pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kó lọ wo iye tí àwọn tó ń ta gáàsì ní òdìkejì títì ń tà á. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nǹkan mìíràn tún dé. Rọ́bà kò pariwo ní tiẹ̀, kò pe fóònù, kò bínú. Ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni. Àmọ́ bí Wàsílátù bá ń kírun, kó tó forí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á ti lọ bá a.

Nígbà tó wá sọ fún ọ̀gá, ohun tó gbọ́ ni pé, "Ṣé ó ti já ni? Kò tíì já, àbí? Ṣáà máa tà, jàre."

"Ẹ má bínú, sà," ni Wàsílátù wí, bíi pé òun ló ṣẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́. Ojú ọjọ́ ṣú, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Wàsílátù ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì yọ àgádágodo lára géètì tán tí òórùn fi kọ lù ú. Kì í ṣe òórùn díẹ̀ tó máa ń bá híjáàbù rẹ̀ lọ sílé o. Èyí wúwo, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì ń ta á lójú. Ó wá gbọ́ ọ láti inú ilé: "ṣììììì".

Ó rántí ìrọ̀lẹ́ àná. Bọ̀dá Dáramọ́lá ti lọ sílé, òun ló kù láti ti fááfù tó ń dá gáàsì dúró lára tánkì. Bó ṣe ń lọ síbẹ̀ lẹnìkan gbá géètì. Kò tíì dá onítọ̀hún lóhùn tán tí ọ̀gá fi pè. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣe parí, ó gbé fóònù iṣẹ́ sórí tábìlì, ó ti ilé, ó sì lọ láìti fááfù.

Wọ́n ti kọ́ ọ pé gáàsì kì í gòkè, pé ilẹ̀ ló máa ń rìn bí omi, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń wá lọ. Gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọjá ni ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù Sùrájù wẹ́dà, tó máa ń fi iná jó irin pọ̀, ni gọ́tà náà sì gbà lọ.

Lásìkò yẹn gan-an ni fóònù dún lórí tábìlì nínú ilé. Ọ̀gá ni. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń pè. Ìka Wàsílátù ti na sí ọ̀nà ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fà á padà. Ìpè ọ̀gá, fááfù tó ṣí sílẹ̀, Bọ̀dá Dáramọ́lá tó ń bọ̀ wá tan jẹnẹrétọ̀, Sùrájù: èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ pa èèyàn?

Ó yí padà, ó sáré lọ sọ́dọ̀ Sùrájù.

Sùrájù ti fi gíláàsì dúdú bojú, ó ti mú irin lọ́wọ́, ó fẹ́ fi kan géètì tó tẹ́ sílẹ̀.

"Sùrájù! Má tan án! Má fi kan nǹkan kan!"

"Ìyá Mardiyah, kí ló dé? Ẹni tó ni géètì yìí ń bọ̀ wá gbé e nísinsìnyí."

"Gáàsì! Gáàsì ti kún inú gọ́tà!"

Sùrájù fa imú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé irin náà kalẹ̀ rọra bí ẹni ń tẹ́ ìkókó, ó sì ń pe Ọlọ́run.

"Fóònù tèmi ti kú," ni Wàsílátù wí. "Lọ jìnnà réré kó o tó yọ tìẹ. Pe panápaná. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọjá síbí."

Bọ̀dá Dáramọ́lá ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ó gbọ́ òórùn náà kí wọ́n tó sọ fún un. Ó ní òun á wọlé lọ ti fááfù.

"Èmi ni mi ò tì í," ni Wàsílátù dáhùn. "Èmi ni mo máa lọ."

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn nígbà náà. Irin wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀, ó lè ṣáná. Ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ má gba inú ilé."

Ó bọ́ bàtà. Ilẹ̀ tútù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ orí ẹyin, fóònù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé, ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún. Bó bá ti dún, á bi ara rẹ̀ pé: ṣé èyí ni yóò ṣáná? Ó dé ìdí tánkì. Fááfù ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi etí híjáàbù wé ọwọ́, ó gbá a mú, ó ń yí i, ó ń ké "Yá Allāhu" sábẹ́lẹ̀, títí "ṣììì" yẹn fi rọlẹ̀ tó sì dákẹ́. Nígbà tó jáde, etí títì ló ti bì.

Àwọn oníbàárà ti dé, Sùrájù kò sì jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ibẹ̀. Ọkùnrin kan ń fi ìdí sìlíńdà rẹ̀ gún kọnkéré. "Ẹ̀yin lẹ ní ká máa tètè dé!"

"Gbé e kalẹ̀!" Wàsílátù kígbe mọ́ ọn. Kò kígbe mọ́ oníbàárà rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e kalẹ̀.

Àwọn panápaná dé, wọ́n dúró títí gáàsì fi tú ká. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wọlé tó sì gbé rọ́bà náà, ó já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti ń sán tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀," ni Wàsílátù wí. Kò lè gbójú sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá dé tìbínú-tìbínú. "Mo pè ọ́ títí!"

"Mo gbọ́, sà. Mi ò lè gbé e. Mi ò sì ní ṣílẹ̀kùn títí rọ́bà tuntun á fi dé, sà."

Ọ̀gá wo rọ́bà, ó wo àwọn panápaná, ó wo ṣọ́ọ̀bù Sùrájù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ra rọ́bà tuntun. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ó máa ń kí Wàsílátù bí ẹni tó ti ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, Wàsílátù kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Ní báyìí, kó tó ṣí géètì, á po omi ọṣẹ, á fi pa fááfù àti rọ́bà, á máa wò ó bóyá yóò hó, torí ibi tó bá hó ni gáàsì ti ń jò. Ohun tó lè pa èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohun tó lè ba ọjà jẹ́. Ariwo ló kẹ́yìn. Àwọn oníbàárà ń kùn pé ó ti ń fi nǹkan falẹ̀ jù. Bí wọ́n bá gbá géètì, èjìká rẹ̀ ṣì ń fò, omi ọṣẹ á dà sí i lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yíjú títí yóò fi pa á dópin.

Nílé, ó ti gbé sítóòfù gáàsì kúrò ní kíṣíìnì. Èédú ni òun tó ń ta gáàsì fi ń dáná. Nígbà tí Mardiyah bi í pé títí dìgbà wo, ó ní kó máa fẹ́ iná, kí ìrẹsì tètè jiná.