Áìsì Tó Jó Ọ̀gá Mi Lọ́wọ́

Àwọn ará Òkè-Afá mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti ní mo gé ẹja tó húkọ́ rí. Ṣùgbọ́n ti Bàbá Rìsí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bí mo ṣe sọ ọ́.

Bàbá Rìsí, ará Ìwó, ló kọ́ mi níṣẹ́ ní kóòdù-rúùmù wa l'Óṣòdì, níbi tá a ti ń gé ẹja dídì tà. Á ki ọwọ́ bọ inú áìsì láìwò, á ní, "Pánlá lèyí, ṣáwá nìyẹn." Kì í ṣì í.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé kúta kan wá, ẹja òkun eléyín ṣóńṣó, tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì mi. Ó dáa, ẹ yọ ìrọ̀rí kúrò. Ẹni tó bá gé irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló ni orí àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gé e, mo bá fi ta ọ̀gá mi lọ́rẹ.

"Òpùrọ́ yìí, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ jẹun, Bàbá. Àgbà ló ni orí."

Ó sè é jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èébì ti dé, ètè rẹ̀ ń ta á ṣínṣín. Lọ́jọ́ kẹta ó wá síbi iṣẹ́, ó ki ọwọ́ bọ áìsì, ó figbe ta: "Ta ló da omi gbígbóná síbí?" A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí omijé lójú rẹ̀ ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn kan n'Ísọlọ̀.

Mo ní, "Dókítà, áìsì ló ń jó o." Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹja wo lẹ jẹ?" Ó ní májèlé máa ń wà lára àwọn ẹja òkun ńlá kan, orí àti ẹ̀dọ̀ ló ń pọ̀ sí jù; iná ò pa á, áìsì ò pa á. Iṣan tó ń jẹ́ ká mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru ló ń dà rú. Kò sóògùn tó ń lé e jáde. Àfi ká máa retí kó rọlẹ̀.

Ti àwọn míì máa ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bàbá padà wá, ó ki ọwọ́ bọ áìsì, ó yára fà á yọ. Ó na ọ̀bẹ rẹ̀ sí mi.

"Gbà. Ọwọ́ mi ò mọ ẹja mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú omi ẹja. "Bàbá, èmi ni mo fún yín."

"Dìde. Èmi náà ì bá fún ọ̀gá tèmi."

Ó padà sí Ìwó, ibẹ̀ ló kú sí. Ní báyìí, tí wọ́n bá gé kúta ńlá, èmi ni mo máa ń gba orí àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì máa ń rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní wọ̀bìà. Wọ́n rò pé mò ń lọ sè é jẹ ni.