Òyìnbó Tí Wọ́n Kùn ní Dúdú

Òórùn pólíìṣì bàtà ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan ní Yaba, irú èyí tó máa ń gba ilé wa kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí bàbá wa bá to bàtà gbogbo wa sórí ìwé ìròyìn. Mo rò pé ẹnì kan ń dán bàtà ni. Mi ò mọ̀ pé ojú èèyàn ni wọ́n ń fi í kùn nínú yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo sìn lọ. Akọ̀wé ìjọba ni, ó sì ti ka ìwé tí àwọn òyìnbó onísinimá tó gba gbọ̀ngàn náà fẹ́ sọ di sinimá ní àkàtúnkà: ìtàn òkú kan tó máa ń jáde nínú pósí láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Nínú ìwé yẹn, dókítà aláwọ̀ dúdú kan ló gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, òun ló sì ṣẹ́gun òkú náà. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn: ibo la ti ń rí ara wa nínú ìwé òyìnbó, àfi bí ìránṣẹ́? Nígbà tí wọ́n gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sọ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òun ni yóò ṣe dókítà. Màmá wa rán kóòtù funfun fún un, a sì fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Oṣù kan gbáko ló fi há ọ̀rọ̀ dókítà sórí.

Ibi tá a dúró sí la wà tí òyìnbó kan fi jáde látinú yàrá, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ ṣì pupa. Kóòtù tí màmá wa rán ló wọ̀. Ọ̀gá wọn ju awọ ẹkùn sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìwọ ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Tí òkú bá yọjú, máa yí ẹyinjú, kó o sì máa ké lédè yín. Ohun yòówù kó o sọ, kò ṣe nǹkan kan."

"Sà, ẹ ní èmi ni dókítà."

"Àwọn tó máa wò ó nílùú wa ò ní gbà á gbọ́."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" Ó mi orí. Ó da awọ náà bora, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sì sọ Yorùbá tó já geere: "Èmi ni dókítà. Wọ́n ti gba ipò mi fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ bá gbọ́ mi, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rò pé ọfọ̀ ni.

Nígbà tí sinimá náà dé Yaba, a lọ wò ó lọ́sàn-án Sátidé kan. Ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́ là ń gbọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi igbe bí ti ẹranko rọ́pò rẹ̀. Àwọn èèyàn wa bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ kan tó jókòó níwájú wa, tépù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde. Èmi gun orí ìjókòó, mo pariwo: "Dókítà ni! Dókítà ni nínú ìwé!" Wọ́n ní kí n jókòó, pé mò ń dí àwọn lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ sinimá yẹn mọ́ títí tó fi kú. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé eré lásán ni, pé òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kò sí níbì kankan, kí ló wá kàn mí bóyá funfun ni dókítà tàbí dúdú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí òkú ti ń rìn, tó ń fò, tó ń wọlé gba ojú fèrèsé tó tì, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kò ṣeé gbà gbọ́ ni pé ọmọ ìyá mi lè jẹ́ dókítà. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.