Kàyé Tí Mo Yà Sọ́tọ̀ fún “Run”

Obìnrin ará Liberia kan ló kó mi sí i. Ó dúró níwájú ìsọ̀ aṣọ mi ní Adjamé, nílùú Abidjan, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú àǹkárá aláró kan dání, ó sì bi mí pé: “Will it run?” Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju ti kátàkárà lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo sì mọ “run” sí ni kí èèyàn máa sáré. Mo wo aṣọ, mo wo obìnrin náà. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó da omi díẹ̀ sára aṣọ ìnujú rẹ̀ funfun, ó fi nu etí àǹkárá náà dáadáa, ó wá gbé aṣọ ìnujú náà sókè sójú oòrùn. Funfun báláú! Ó rẹ́rìn-ín, ó ra ọ̀pá mẹ́fà. Bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa jáde sínú omi ló ń béèrè.

Ara mi ò balẹ̀ títí mo fi ti ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, tí mo rò pé mo ti mọ̀ tán! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra kàyé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀, olójú ewé igba, mo kọ RUN gàdàgbà sára èèpo rẹ̀, mo sì ṣòfin fún ara mi: ìtumọ̀ kan, ojú ewé kan. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà á wà lókè; bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Fọ́rànsé á tẹ̀ lé e; iṣẹ́ ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tí mo ti gbọ́ ọ á wà nísàlẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan! Odò ń ṣàn: run. Imú ń dà: run. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: run. Bọ́ọ̀sì ń ná Adjamé sí Abobo Gare: run. Ẹnì kan ń du ipò: run. Ó ń bójú tó ìsọ̀: òun náà ni. Ohun tí Yorùbá ya ọ̀rọ̀ mẹ́fà sọ́tọ̀ fún, Gẹ̀ẹ́sì di gbogbo rẹ̀ ru ẹyọ kan. Ẹ̀yìn kàyé ni mo ń kọ àwọn ìbátan rẹ̀ sí: “jog” fún àwọn tó ń sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ létí òkun Gonzagueville láàárọ̀, “dash” fún ẹni tó kù gìrì sọdá títì, “flee” fún ẹni tó ń sá fún ewu.

Ẹni tí mo ń bi léèrè jù ni Bàbá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ṣòwò ní Ghana fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá síbí. Láràárọ̀, tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó di kàyé.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ìrẹsì bá ń hó lórí iná, ṣé wọ́n máa ń ní ‘the rice is running’?”

“Wọ́n ń sọ ọ́, ọmọ mi.”

“Ẹran tó bá fẹ́ bàjẹ́ ńkọ́?”

“Wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa.”

Kí oṣù mẹ́rin tó pé, mo ti dé quatre-vingt-trois, mẹ́tàlélọ́gọ́rin!

Àkókò yẹn ni tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní Attécoubé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kó kúrò ní Abidjan. Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní kíláàsì náà. Mi ò fẹ́ ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí, torí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ.

“Ìwọ?” Alága ẹgbẹ́ wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Ṣé ọ̀pá tí o fi ń wọn aṣọ lo máa fi kọ́ wọn ni?”

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé kàyé mi lọ fún Màmá kan, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Benin. Tó bá fọwọ́ sí i, kíláàsì di tèmi. Tí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ti yàrá ẹ̀kọ́ náà pa.

Màmá mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Bon. Bon. Eléyìí dára.” Ó dé ojú ewé kẹtàdínláàádọ́ta, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìrẹsì ń sáré! Níbo ló ń lọ, mon fils, ọmọ mi? Ta ló sọ èyí?”

“Bàbá kan ni, mà.”

“Ṣé òun ló sọ ọ́, àbí ìwọ lo bi í?”

“Èmi ni mo bi í, mà.”

“Pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà láàárọ̀, o rẹ́rìn-ín sí i, o wá fẹ́ kó sọ fún ọ pé rárá?” Ó dá kàyé padà fún mi. “Gbé e wá lẹ́yìn oṣù kan. Ohun tí etí ìwọ fúnra rẹ gbọ́ nìkan ni mo fẹ́ kà.”

Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ tààrà.

“Bàbá, ṣé ìrẹsì kì í ‘run’ ni?”

“Kò ‘run’ rí, ọmọ mi. Inú rẹ ló ń dùn, mo ní kí n má bà á jẹ́.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n kọ irú ẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n?”

“Mo rò pé ó máa sú ọ.”

Mo fa igi lé méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ku mọ́kànléláàádọ́ta. Láti ọjọ́ náà mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ń lọ jókòó síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì láti Accra ti ń sọ èrò kalẹ̀, mo ń ra kọfí, mo ń pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ kìíní, òfo. Ọjọ́ kejì, òfo. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan kọjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ ilé wọn fún awakọ̀: “Don’t run your mouth!” Mo fò sókè, kọfí dà sí mi láyà. Àwọn méjèèjì yíjú wò mí. Èmi ò tilẹ̀ rí tiwọn rò, bírò ni mo ń wá!

Nígbà tí oṣù pé, méjìdínlọ́gọ́ta ni mo gbé lọ. Màmá bi mí nípa gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló sọ ọ́, níbo, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ó sì máàkì gbogbo rẹ̀. Ó wá kọ ìlà kan péré sí alága: “Ẹ fún un.”

Ó ti lé ní oṣù márùn-ún báyìí tí mo ti ń kọ́ wọn, àwọn náà sì ti ń tẹ́tí fún mi káàkiri. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ń ta ẹja ní Gonzagueville, kò tíì jókòó tó fi na ọwọ́ sókè.

“Tonton, mo gbọ́ ọ ní ọsibítù! ‘The child is running a fever!’”

“Ta ló sọ ọ́?”

“Nọ́ọ̀sì kan ará Ghana ni. Ọmọ mi ló gbé sọ́wọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí.”

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ lójú wọn: ara gbóná, avoir de la fièvre, nọ́ọ̀sì, ọsibítù Gonzagueville. Ìtumọ̀ kẹrìnlélọ́gọ́ta.