Apá Sìmẹ́ńtì fún Ère Mábù

Kí n tó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ère tí wọ́n ṣe é sí. Àwọn ará Gíríìsì ló kọ́kọ́ fi idẹ rọ ọ́: obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Àwọn ará Róòmù wò ó, wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ tiwọn. Nígbà tó yá, ti Róòmù kán lápá méjèèjì. Ó pẹ́ púpọ̀ kí oníṣẹ́ ọnà kan ní Ítálì tó wo ti Róòmù gbẹ́ tirẹ̀, ó sì fara balẹ̀ gbẹ́ ojú ibi tó kán náà, bó ṣe kán gẹ́lẹ́. Èyí tí mò ń wí nìyẹn. Kò kán. Wọ́n gbẹ́ ẹ láìlápá ni.

Kì í ṣe tèmi. Ti olùkọ́ mi ní yunifásítì ni, obìnrin Faransé kan tó ń gbé àdúgbò Riviera ní Abidjan. Ní 2004, nígbà tí àwọn Faransé ń sá fún rògbòdìyàn kúrò nílùú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Garde-la-moi comme elle est." Kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbà.

Ọdún méjì ló fi wà ní yàrá mi ní Siporex láìsí wàhálà. Nígbà tí mo fẹ́ lo oṣù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi kúbùsù wé e láti orí dé ẹsẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alhaji tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Adjamé.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ère ni, Bàbá. Àmánà ni, wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ mi ni."

"Ère! Nínú ilé mi!" Wọ́n wòkè bí ẹni pé ẹnìkan ń ṣọ́ àwọn látibẹ̀. "Kọjú ẹ̀ sí ògiri."

Ẹ̀bi tèmi rèé, mo jẹ́wọ́ rẹ̀: mi ò tú kúbùsù náà kí wọ́n rí i.

Nígbà tí mo dé, ère ti lápá. Apá sìmẹ́ńtì méjì, ó ki pọ́pọ́, ó tẹ́wọ́ síwájú bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọ̀ lè bára mu, wọ́n kun gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ìpéǹpéjú kò yọ sílẹ̀. Bíríkìlà tó ṣe é dúró tì í. Apá ara rẹ̀ ló wò ṣe é.

"Tantie, c'est propre, hein?" Ó ní ṣé iṣẹ́ òun ò mọ́.

Kúbùsù ló já bọ́ níjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù. Bàbá rí i láìlápá, wọ́n rò pé àwọn alábàárù àwọn ló fọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá apá náà kiri nínú ìdọ̀tí. Mùsùlùmí tòótọ́ kì í dá àmánà padà ní fífọ́.

"Yọ ọ́," mo sọ fún bíríkìlà.

"Tantie, mo ti lu irin wọnú èjìká ẹ̀. Tí mo bá fà á, èjìká á bá a bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni. Rárá o. Ẹ̀sùn wọn ni pé mi ò tíì wá dúpẹ́.

"Ìwọ alákọ̀wé," ìyálé Bàbá ló ń sọ̀rọ̀, "wọ́n ṣe ọ́ lóore, ilẹ̀ mọ́, o ò yọjú?"

"Màmá, ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ̀ pé kò lápá."

"Kí ló wá dé tí kò parí iṣẹ́ ẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni mo kà, mo gbàwé ẹ̀rí.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, Bàbá. A dúpẹ́ oore àná." Wọ́n ṣàdúrà gígùn fún mi, pé ohun olóhun kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò olùkọ́ mi ọkùnrin wá gbé e, ó mú fọ́tò ère náà dání. Ó wo fọ́tò, ó wo ère, ó wo àtẹ́lẹwọ́ sìmẹ́ńtì tó nà sí i. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Faransé tó dán mọ́rán.

"Ce n'est pas la nôtre, madame." Kì í ṣe tàwọn.

Ó wá fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ bi mí pé ta ni mo ta ojúlówó fún.